Iṣu Tó Dára Jù Ni Wọ́n Fi Ránṣẹ́

Ní ọdún tí wọ́n ṣe jùbílì Ọba Jọ́ọ̀jì káàkiri gbogbo ilẹ̀ tí àsíá rẹ̀ ń fẹ́, ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí ọyẹ́ mú tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn àgbà fi kíjìpá bo orí wá sí ìpàdé, Tíṣà Jeremáyà Ògúndélé dúró síwájú ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ ní Òkè-Ìrókò, ó sì jíṣẹ́ tí wọ́n rán an láti Adó. Òkè-Ìrókò kì í ṣe ìlú ńlá. Abúlé àgbẹ̀ ni, lọ́nà Ìjàn, tí ẹni tó bá tètè jí kúrò ní Adó yóò fi ẹsẹ̀ rìn dé kí oòrùn tó kan àtàrí. Ohun méjì ni wọ́n ní tí wọ́n fi ń yangàn: iṣu ẹ̀fùrù tó funfun bí ẹ̀gbọ̀n òwú, àti ìgbéraga. Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, iṣu ti ń tán lọ. Ìgbéraga kò dín rárá.

Tíṣà wọ kóòtù dúdú kan tí àlùfáà òyìnbó fi sílẹ̀ fún un nígbà tó ń padà sí ìlú rẹ̀. Apá kóòtù náà gùn kọjá ọwọ́ rẹ̀, ó ṣẹ́ ẹ pọ̀ sí ọrùn ọwọ́. Ó fi ẹ̀wọ̀n aago kọ́ àyà, bẹ́ẹ̀ aago ọ̀hún ti kú tipẹ́, kò sì sí ẹni tó mọ̀ nítorí kò sí ẹlòmíì ní abúlé náà tó mọ aago í wò. Níwájú rẹ̀ ni Ọ̀dọ̀fin, olóyè tó dàgbà jù, jókòó sí lórí tìmùtìmù aláwọ, pẹ̀lú dàńdógó sányán àti ìyùn méjì lọ́rùn. Àwọn àgbẹ̀ yòókù jókòó sórí gbòǹgbò igi, wọ́n ń ta obì sẹ́nu.

"Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ kú ìkàlẹ̀," ni Tíṣà wí. "Mo ti dé ọ́fíìsì Ajẹ́lẹ̀. Onímọ̀ kan ń bẹ ní ìlú òyìnbó tí wọ́n ń pè ní Dókítà Pẹ́lámù. Kò níṣẹ́ méjì, àrùn ara ohun ọ̀gbìn ló ń wò. Òun àti òyìnbó Faransé kan tó wà ní Àjàṣẹ́, ìlú tí àwọn Faransé ń ṣàkóso, ti da iṣẹ́ pọ̀, wọ́n sì fẹ́ kí àwa àgbẹ̀ Èkìtì àti àwọn àgbẹ̀ Àjàṣẹ́ bá wọn dá sí i. Tiwa ni pé kí a fi iṣu tí àìsàn ń ṣe ránṣẹ́ sí wọn, kí wọ́n fi ẹ̀rọ tó ń sọ ohun kékeré di ńlá wò ó, kí wọ́n lè mọ ohun tó ń pa á. Tiwọn ni pé kí wọ́n wá oògùn sí i, kí wọ́n sì fún wa ní èbù tuntun tí àrùn kò bá jà."

Ọ̀rọ̀ náà yé wọn. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ dájú pé ó yé wọn, nítorí àwọn ọmọ-ọmọ wọn ti ń purọ́ kiri báyìí pé ògbufọ̀ ló ṣì wọ́n lọ́nà. Irọ́ ni. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín iṣu rírà, èyí tó ti jẹrà, àti iṣu gidi, ọmọ ọwọ́ Òkè-Ìrókò mọ̀ ọ́n.

Akínbọ́lá ló kọ́kọ́ dìde. Ọkùnrin tó gbó sí oko ni, àyà rẹ̀ gbòòrò, ọwọ́ rẹ̀ le koko. Láyé bàbá rẹ̀, kò sí ẹni tó ń kọ ebè jù wọ́n lọ ní gbogbo agbègbè náà. Ṣùgbọ́n láti bí ọdún mélòó kan, bí iṣu rẹ̀ bá ti ń fà lórí igi, ewé rẹ̀ yóò dúdú bí ohun tí iná jó lára, yóò sì rọ. Tí wọ́n bá wa èyí tó kù, ẹ̀yìn rẹ̀ á dára lójú, inú rẹ̀ á ti di dúdú. Ó ti gé, ó ti sun, ó ti gbé ebè kúrò ní ìsàlẹ̀ lọ sókè, pàbó ni. Ìyàwó rẹ̀ Àtinúkẹ́ àti àwọn ọmọ ti ń jẹ iṣu náà ní àjẹṣẹ́kù, wọ́n á gé ibi tó dúdú dànù, wọ́n á se ibi tó kù.

"Ẹ jẹ́ á dúpẹ́ o," ni Akínbọ́lá wí. "Uṣu tó rà kún ọgbà mi. Kí wọ́n wá kó o. Iye apẹ̀rẹ̀ tí wọ́n bá fẹ́, mà á gbé e dé Adó fúnra mi."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Àwọn yòókù wo ilẹ̀, nítorí kò sí èyí tí iṣu tirẹ̀ kò rà nínú wọn, kò sì sí èyí tó tíì sọ ọ́ síta. Wọ́n ń kó iṣu rírà lọ sódò lábẹ́ ewé, wọ́n ń dà á nù bí ẹni tó ń sin òkú olè.

Ọ̀dọ̀fin fi ìrùkẹ̀rẹ̀ lé eṣinṣin. "Akínbọ́lá, ṣé ara rẹ yá? Uṣu rírà ni ká gbé sọdá òkun? Bí wọ́n bá tú àpótí ọ̀ún lójú ọba wọn, tí òórùn gba ulé, kí ni wọ́n á wí? Wọ́n á ní ulẹ̀ Èkìtì rèé. Ikú yá ju ẹ̀sín lọ."

"Bàbá, àwọn ni wọ́n ní àìsàn làwọ́n fẹ́ rí."

"Wọ́n ní! Bí àlejò bá wọ ulé rẹ, tó ní ebi ò pa òun, ṣé o ò ní gbé oúnjẹ fún un ni? Ọ̀rọ̀ ẹnu àlejò kọ́ là ń tẹ̀lé. Ojú tiwa là ń rò."

Ó parí. Bí ẹ bá rí bí gbogbo wọn ṣe mi orí, tí inú wọn tutù, ẹ ó rò pé wọ́n ti rí oògùn iṣu náà níbẹ̀. Wọ́n pinnu pé oko kọ̀ọ̀kan yóò mú iṣu tó dára jù, tó tóbi jù, tó funfun jù wá, kí òyìnbó lè mọ irú ènìyàn tí òun bá dòwò pọ̀.

Tíṣà Ògúndélé nìkan ló lè dá wọn dúró. Òun ló kàwé, òun ló mọ ohun tí ìwádìí jẹ́, òun ló sì ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ nílé-ẹ̀kọ́ pé òtítọ́ ń gbé orílẹ̀-èdè ga. Ó la ẹnu. Lẹ́yìn náà ló rò ó pé wọn yóò to iṣu náà sórí tábìlì ní ìlú òyìnbó, wọn yóò sì béèrè ta ló kó o wá. Ó pa ẹnu dé, ó ní ìpinnu àwọn bàbá dára púpọ̀. Kò sí ẹranko tó gọ̀ tó ọ̀mọ̀wé tó ń wá ìyìn.

Wọ́n wá sí oko Akínbọ́lá. Nínú gbogbo ìparun yẹn, ebè díẹ̀ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpáta tí àrùn kò tíì dé, wọ́n sì wa iṣu kan níbẹ̀ tí ọkùnrin méjì fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè gbé. Wọ́n fi èédú kọ orúkọ rẹ̀ sára pátákó kékeré, wọ́n so ó mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ń fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ gbígbẹ tẹ́ inú àpótí, Akínbọ́lá ti iṣu rírà kan bọ ìsàlẹ̀, ó fi ewé bò ó. Tíṣà tó ń tún àpótí náà wò kí wọ́n tó kàn án rí i. Ó fi ìka méjì gbé e bí ẹni gbé òkú eku, ó jù ú sígbó.

"Akínbọ́lá, o fẹ́ ba orúkọ wa jẹ́ níwájú ayé," ni Tíṣà wí.

"Uṣu ni mò ń sọ, Tíṣà. N ò sọ orúkọ."

"Orúkọ ló ṣáájú."

Ọjọ́ tí wọ́n gbé àpótí náà lọ sí Adó, ayẹyẹ ni wọ́n fi ṣe. Àwọn ọkùnrin wọ agbádá òfì, àwọn obìnrin ró alárì tí wọ́n ti kó sínú àpótí láti ìgbà ìgbéyàwó wọn, wọ́n kun osùn sẹ́sẹ̀. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ gba àárín Ọjà Ọba kọjá, bẹ́ẹ̀ ọ̀nà ọ́fíìsì Ajẹ́lẹ̀ kò gba ibẹ̀. Wọ́n sọ àpótí kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn oníyọ̀, wọ́n ṣí i pé àwọn ń tún ewé inú rẹ̀ tò, kí gbogbo ọjà lè rí iṣu. Àwọn ará Adó fi ọwọ́ bo ẹnu. Àwọn tó ń ta ẹ̀wà dìde. Ìyá arúgbó kan béèrè pé irú iṣu wo nìyí, wọ́n sì dáhùn, wọ́n ní, "Àbíkẹ́yìn wa nìyẹn o, àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà nílé." Ẹni tó dáhùn bẹ́ẹ̀, gààrí ló mu kó tó kúrò nílé. Lọ́rì gbé àpótí lọ sí Òṣogbo, rélùwéè gbé e dé Èkó, ọkọ̀ ojú omi gbé e sọdá.

Àwọn àgbẹ̀ Àjàṣẹ́ ní tiwọn kó iṣu rírà sínú apẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú ewé tó dúdú àti iyẹ̀pẹ̀ ìdí rẹ̀, wọ́n gbé e fún Faransé wọn. Nígbà tí ìròyìn yìí dé Òkè-Ìrókò, wọ́n fi ṣe ẹ̀fẹ̀ jẹun. Wọ́n ní ẹ ò rí àwọn aláìnítìjú, wọ́n di pàǹtírí ránṣẹ́ sí ọlọ́lá. Wọ́n ní àìní ẹ̀kọ́ ilé ni.

Èsì dé lẹ́yìn ìkórè kejì. Ìwé ẹ̀yẹ ni, tó ní àmì adé lókè, tí wọ́n fi tádàwà wúrà yí etí rẹ̀ ká. Tíṣà kà á níwájú ìjọ lọ́jọ́ Ìsinmi. Dókítà Pẹ́lámù ní nínú gbogbo iṣu tí òun gbà láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ti Òkè-Ìrókò ló dá ṣáṣá jù, pàápàá jù lọ ti àgbẹ̀ kan tó ń jẹ́ Akínbọ́lá. Kò sí àrùn kankan lára rẹ̀. Nítorí náà, oògùn àti èbù tuntun tí wọ́n ń pèsè, ibi tí àrùn wà ni yóò lọ. Wọ́n dúpẹ́. Wọ́n pa àgbò. Ọ̀dọ̀fin jó débi pé tìmùtìmù rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a jó.

Mo ní kí n má gbàgbé òyìnbó náà, nítorí òun náà kò sàn. Àwọn àgbẹ̀ Èkìtì ké sí Ajẹ́lẹ̀ pé ebi ń bọ̀, iṣu ń kú. Wọ́n wá fi iṣu tó sanra bí ọmọ ìkókó ránṣẹ́ sí ọ. Ìwọ, ọ̀mọ̀wé, o kò bi ara rẹ pé kí ló fa èyí? O jókòó sídìí ẹ̀rọ rẹ, o kọ "kò sí àrùn" sílẹ̀, o lọ mu tíì. Ìwádìí tí kò bi ni léèrè ọ̀rọ̀, kí ni wọ́n ń fi í ṣe?

Ẹ má sì rò pé ìwà yìí bá wọn wọ sàréè. Lónìí olónìí, ní Adó yìí kan náà, kí àwọn onímọ̀ òkè òkun sọ pé àwọn ń bọ̀ wá wo ohun tó ń dá wa láàmú kí àwọn lè bá wa tún un ṣe, ọ̀dà la kọ́kọ́ ń wá. A ó kun ògiri, a ó ti yàrá tí irinṣẹ́ ti bàjẹ́ pa, a ó gbé ẹ̀rọ tuntun tí a yá láti ibòmíì sójú ìta. Àlejò á yà fọ́tò, á ní ẹ kú iṣẹ́, á lọ. Àwa náà á ní a dúpẹ́ gan-an o. Mo ti jókòó níbi irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ ní àdúgbò Adébáyọ̀, mo sì pàtẹ́wọ́.

Ọdún tó tẹ̀lé ìwé ẹ̀yẹ ni ọdún tí iṣu kú pátápátá. Àrùn dé ẹ̀gbẹ́ àpáta. Àwọn igi tí iṣu ń fà lé dúró ní ìhòòhò káàkiri oko. Àtinúkẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í hun kíjìpá láti àárọ̀ títí ọwọ́ rẹ̀ fi ń wú, ó ń gbé e lọ sí Ọjà Ọba, ó ń fi owó rẹ̀ ra gààrí. Yóò da gààrí sí ìsàlẹ̀ apẹ̀rẹ̀, yóò fi aṣọ bò ó, yóò wá gbé ẹyọ iṣu kan lé e lórí, kí àwọn tó bá pàdé lọ́nà lè rí iṣu. Gbogbo obìnrin abúlé náà ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n á pàdé ara wọn, wọ́n á kí ara wọn, kò sí èyí tó máa wo apẹ̀rẹ̀ èkejì rẹ̀.

Ní ọjà yẹn ni Àtinúkẹ́ ti gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu Táíwò, oníṣòwò obì tó máa ń ná Àjàṣẹ́.

"Ìyá Fúnkẹ́mi, iṣu Àjàṣẹ́ ti padà o," ni Táíwò wí. "Àwọn òyìnbó méjèèjì ti rí kòkòrò kan nínú rẹ̀, ó kéré débi pé ojú lásán kò lè rí i. Wọ́n fún wọn ní èbù tuntun àti ìyẹ̀fun kan tí wọ́n ń pò mọ́ omi. Oko wọn tutù yọ̀yọ̀. Wọ́n tilẹ̀ ń béèrè lọ́wọ́ mi pé báwo ni tẹ̀yin, mo ní wọ́n ní tẹ̀yin kò ṣàìsàn."

Àtinúkẹ́ kò ra gààrí lọ́jọ́ náà. Ó yára padà sílé, ó sọ fún ọkọ rẹ̀. Akínbọ́lá dìde lórí odó tó dojú dé, ó lọ síbi tí èbù wọn wà. Apẹ̀rẹ̀ kan péré ló kù. Òun àti ìyàwó rẹ̀ ti ṣa á ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, wọ́n ti gé e wò, gbogbo rẹ̀ mọ́. Bí ìyẹn bá lọ, kò sí ohun tí wọn yóò gbìn, kò sì sí ẹni tó lè yá wọn, nítorí kò sí ẹni tó ní.

Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn ni ìròyìn dé pé Dókítà Pẹ́lámù fúnra rẹ̀ ti gúnlẹ̀ sí Èkó. Ó ti dé Àjàṣẹ́, ó ń bọ̀ ní Èkìtì. Lọ́rì rẹ̀ kún fún àpò èbù tuntun àti agolo ìyẹ̀fun, tó ń pín fún ìlú tí àrùn bá ti dé. Ní ti Òkè-Ìrókò, kíkí lásán ló ń bọ̀ wá kí wọn. Ó fẹ́ rí àgbẹ̀ tó ń jẹ́ Akínbọ́lá.

"Ọlọ́run ló ṣe é," ni Àtinúkẹ́ wí. "Ulé wa ló ń bọ̀. Kò sí Ọ̀dọ̀fin láàárín, kò sí Tíṣà láàárín. Gbé uṣu tó rà sí i lọ́wọ́."

"Mà á gbé e sí i lọ́wọ́," ni Akínbọ́lá wí. "Bí wọ́n bá fẹ́ kí wọ́n lé mi nílùú."

Ó sì rò ó bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Ó mú iṣu rírà méjì, èyí tó bàjẹ́ jù, ó fi wọ́n pamọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ó dára tó ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí kí àlejò tó dé, Tíṣà kó àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ jáde, wọ́n gbá gbogbo abúlé, wọ́n kó gbogbo iṣu rírà àti ewé dúdú jọ, wọ́n dáná sun ún. Èéfín náà ń run bí oúnjẹ tó jóná.

Pẹ́lámù dé. Ó pupa bí ẹni tí wọ́n bọ̀ lómi gbígbóná, ó wọ ṣòkòtò kékeré àti ìbọ̀sẹ̀ gígùn, ó dé àkẹtẹ̀ líle. Gbogbo Òkè-Ìrókò ti dúró sójú ọ̀nà nínú òfì àti sányán. Ọ̀dọ̀fin kí i, Tíṣà túmọ̀. Òyìnbó ní òun fẹ́ rí oko. Tíṣà ní òjò àkọ́rọ̀ ti jẹ́ kí ọ̀nà oko máa yọ̀. Ọkùnrin tó la òkun já nítorí iṣu wo bàtà rẹ̀ tó ń dán, ó ní kò burú, òun yóò jókòó sílé àgbẹ̀ náà.

Wọ́n gbé àga fún un lójúde Akínbọ́lá. Gbogbo abúlé tẹ̀ lé e, wọ́n rọ̀gbà yí ilé ká. Akínbọ́lá dọ̀bálẹ̀, ó kí àlejò káàbọ̀. Iṣu rírà méjì náà wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ìgbésẹ̀ díẹ̀ sí i. Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ wa, a kì í sọ ìṣòro fún ẹni tí kò tíì jẹun. Gbogbo ènìyàn ń retí oúnjẹ tí yóò jáde. Ọ̀dọ̀fin wú ikọ́.

Akínbọ́lá wọlé lọ bá ìyàwó rẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé. Àtinúkẹ́ ti gbé omi kaná. Ọbẹ̀ ẹ̀gúsí rẹ̀ ti jinná, pẹ̀lú ẹran ẹtù tí wọ́n tọrọ. Igbá gààrí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò.

"Ẹ̀bà lo fẹ́ tẹ̀ fún un?" ni Akínbọ́lá béèrè.

"Kí ni ká tẹ̀ fún un? Ohun tí à ń jẹ nìyí. Kó rí i kó mọ̀ pé kò sí uṣu."

"Àtinúkẹ́, gbogbo ulú ló wà níta."

"Gbogbo ulú náà ń jẹ gààrí."

"Wọn kì í jẹ ẹ́ níta."

Obìnrin náà wò ó. Ó rí ibi tí ojú rẹ̀ ń lọ, ó sì fi ara rẹ̀ dí ẹnu ọ̀nà ibi tí èbù wà. "Bàbá Fúnkẹ́mi, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́. Kí la máa gbìn?"

"Ó máa fún wa ní tuntun. Bó bá ti jẹun tán, mà á gbé tó rà hàn án, ó máa fún wa ní tuntun. Jẹ́ kó kọ́kọ́ jẹun bí ènìyàn."

Ó gbé apẹ̀rẹ̀ èbù náà fúnra rẹ̀. Òun ló bẹ ẹ́. Bí ó ti jinná, ọmọ odó bẹ̀rẹ̀ sí í dún, àwọn tó wà níta sì gbọ́ ọ, ojú wọn tàn. Wọ́n ti gbàgbé ìgbà tí wọ́n gbọ́ ọ kẹ́yìn lọ́sàn-án gangan. Àtinúkẹ́ ń gún, omi ojú rẹ̀ ń kán, kò nu ún.

Iyán náà funfun, kò ní kókó kan. Pẹ́lámù fi ṣíbí jẹ ẹ́, ó tún jẹ ẹ́, ó ní irú rẹ̀ kò kan òun lẹ́nu rí. Ó bọ́ àkẹtẹ̀. Ó yíjú sí Tíṣà, ó ní kó bi àgbẹ̀ náà léèrè ìbéèrè kan fún òun, nítorí lọ́rì òun ń lọ sí ìlú mìíràn níwájú, kí òun má baà ṣàṣìṣe.

Tíṣà túmọ̀ rẹ̀ bó ṣe rí. Ẹ jẹ́ ká fún olè lẹ́tọ̀ọ́ rẹ̀: lọ́jọ́ yẹn kò yọ ọ̀rọ̀ kan kúrò. Bóyá ó ti rẹ òun náà.

"Òyìnbó ní, ṣé irú iṣu tí òun jẹ yìí ló wà nínú oko yín? Ó ní bí àrùn bá wà, bó ti wù kó kéré tó, kí o sọ fún òun nísinsìnyí. Àpò èbù ṣì wà nínú lọ́rì."

Akínbọ́lá wo ẹnu ọ̀nà. Ó wo àwọn ènìyàn. Ọ̀dọ̀fin wà níbẹ̀ pẹ̀lú ìyùn rẹ̀, àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀, àwọn obìnrin inú alárì wà níbẹ̀, gbogbo wọn ń gbóòórùn iyán rẹ̀, gbogbo wọn ń jowú rẹ̀. Láti ìgbà tí bàbá rẹ̀ ti kú, kò sí ẹni tó tún wò ó bẹ́ẹ̀.

"Irú rẹ̀ ni, ọ̀gá," ni Akínbọ́lá wí. "Irú rẹ̀ ló kún oko."

Àwọn ènìyàn hó. Pẹ́lámù bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó mì í dáadáa. Kí oòrùn tó yẹ̀, lọ́rì náà ti kọjá lọ pẹ̀lú gbogbo àpò rẹ̀, àwọn ọmọ sì sáré tẹ̀ lé e dé orí òkè. Àtinúkẹ́ jáde wá, ó mú iṣu rírà méjèèjì lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó gbé wọn sí iwájú ọkọ rẹ̀ lórí àga tí òyìnbó dìde kúrò, ó padà sídìí òfì rẹ̀.

N kò ní ṣàánú Akínbọ́lá. Ọ̀dọ̀fin kò mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, Tíṣà ta ọgbọ́n rẹ̀ nítorí ìyìn, ṣùgbọ́n Akínbọ́lá mọ̀. Ó mọ òtítọ́ ju gbogbo wọn lọ, ó sì fi iyán gbé e mì.

Kò gbin iṣu lọ́dún náà. Ó lọ sí Oǹdó, ó ń bá olóko kòkó ṣiṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ni púpọ̀ nínú àwọn ọkùnrin Òkè-Ìrókò ṣe tẹ̀ lé ara wọn lọ, títí àwọn ebè àtijọ́ fi tẹ́jú di igbó. Àtinúkẹ́ gbin ẹ̀gẹ́ sí gbogbo ilẹ̀ náà. Òun ni obìnrin àkọ́kọ́ tó rin gààrí ní gbangba ní abúlé yẹn, àwọn ènìyàn sì bú u nítorí rẹ̀.

Akínbọ́lá padà wálé nígbà tí irun rẹ̀ ti funfun. Ọ̀sán ni ó dé. Ìyàwó rẹ̀ kí i, ó gba ẹrù lórí rẹ̀, ó tẹ ẹ̀bà, ó gbé e síwájú rẹ̀ pẹ̀lú ọbẹ̀. Ọkùnrin náà bu omi fọ ọwọ́. Ó wá dìde, ó wo ìta lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Gbogbo ilẹ̀kùn àdúgbò ló wà ní títì, àkókò oúnjẹ ni. Ó ti ilẹ̀kùn tirẹ̀ náà, ó jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun.